Àjọ mi yóò kàn lóṣù tó ń bọ̀: ṣé kí n fi san owó àyẹ̀wò ADHD ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Leeds ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe. Físà òṣìṣẹ́ ìlera la fi wọlé ní 2022, èmi, ọkọ mi àti ọmọkùnrin wa. Ọmọ náà ti pé ọdún 8 báyìí. Kò lè jókòó lójú kan, kì í parí iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń sọ kóòtù àti báàgì nù níléèwé. Olùkọ́ rẹ̀ ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ADHD ni, ìyẹn àìfọkànsíbìkan àti àìbalẹ̀ ara. GP wa, ìyẹn dókítà àdúgbò, sọ pé ìlà NHS, ètò ìlera ìjọba, ní àdúgbò wa ju ọdún méjì lọ. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní £1,100 làwọn máa gbà. Àjọ mi yóò kàn lóṣù tó ń bọ̀, £1,200 ni, ọkọ mi sì fẹ́ ká fi kún owó mọ́tò. Ṣé kí n san án? Kí ni owó yẹn máa ṣe fún ọmọ mi? Mo tún gbọ́ pé àwa tá a wà lórí físà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí irú nǹkan báyìí nínú NHS.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú àmójútó ọmọ. Àyẹ̀wò ADHD fún àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ mi níbí ní England. Mo ti ṣe é nínú NHS, mo ti ṣe é ní ilé ìwòsàn aládàáni, nítorí náà mi ò wá ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹ má tíì san owó náà. Ọ̀nà kan wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ kò sì tíì gbà á. Àti pé £1,100 tí wọ́n dá lé yín yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ owó ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ físà kúrò nílẹ̀, torí ó ti lé ọ̀pọ̀ nínú wa sẹ́yìn láìnídìí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé pẹ̀lú físà mìíràn máa ń san owó ìlera kí físà wọn tó jáde, £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún ọmọdé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ìdílé wọn kì í san án, síbẹ̀ NHS jẹ́ tiyín bó ṣe jẹ́ ti ọmọ onílùú. Ohun tí wọ́n kọ sára físà yín pé ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìjọba kò kan NHS, kò kan iléèwé ọmọ, kò sì kan àyẹ̀wò yìí. Owó ìrànwọ́ ló kàn, bíi DLA tí wọ́n ń san fún òbí tí ọmọ rẹ̀ nílò àmójútó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá ní kí ẹ lọ béèrè DLA ní kété tí ìwé ADHD bá jáde, ẹ má dán an wò níwọ̀n ìgbà tí ẹ ṣì wà lórí físà yìí. Ó lè kó bá ìwé ìgbélùú yín.

Ọ̀nà tí mo ní ẹ kò tíì gbà yẹn, Right to Choose lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni nínú NHS ti England. Kò sí ní Scotland, kò sí ní Wales. Bí GP bá ti gbà pé ó yẹ kí onímọ̀ rí ọmọ náà, ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ láti mú ilé ìtọ́jú tí wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí, bí ilé ìtọ́jú náà bá ṣáà ti ní àdéhùn irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú NHS níbikíbi ní England. Àwọn ilé ìwòsàn aládàáni pọ̀ lára wọn. Ibi tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè yẹ ọmọ tiyín wò, kí NHS sì san án. Pé orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìlà ní Leeds kò dí yín lọ́wọ́, tí wọn kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí rí i níbẹ̀.

Ìlà wà lọ́nà yẹn náà, mi ò ní tàn yín. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú máa ń kọ iye oṣù tí èèyàn yóò dúró sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ wò ó kí ẹ tó mú ọ̀kan. Kí ẹ sì pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n ní ohun méjì: ṣé wọ́n ń gba ọmọ ọdún 8, ṣé àwọn náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un lábẹ́ NHS bó bá nílò rẹ̀. Èkejì yìí ṣe pàtàkì gan-an. Àwọn kan wà tó jẹ́ àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ń ṣe, tí wọn yóò kọ ìwé lé yín lọ́wọ́, tí ẹ ó tún padà wá to ìlà mìíràn nítorí oògùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wá wo £1,100 náà. Kò wọ́n jù, kò sì pọ́ọ̀kú. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ láti bí £800 kó sì dé £2,000. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ló yẹ kí ẹ mọ̀. Ìlànà NG87 tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún NHS, gbé jáde ní 2018 là ń tẹ̀ lé. Ó ní dókítà ọpọlọ, dókítà ọmọdé tàbí onímọ̀ ìlera mìíràn tó kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa ló gbọdọ̀ sọ bóyá ADHD ni, àti pé a kò gbọdọ̀ fi fọ́ọ̀mù ìbéèrè nìkan dá a mọ̀. Ó yẹ kí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nípa oyún, ìbí, ìgbà tó rìn, ìgbà tó sọ̀rọ̀. Kí wọ́n rí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kí olùkọ́ rẹ̀ kọ ohun tó ń rí. A ní àmì 9 fún àìfọkànsíbìkan, a ní 9 mìíràn fún àìbalẹ̀ ara àti ìwàǹwára. Ọmọdé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 6 nínú ọ̀kan lára méjèèjì, kó ti wà fún oṣù 6, kó ti hàn kó tó pé ọdún 12, kó sì hàn níbi tó ju ẹyọ kan lọ. Bó bá jẹ́ ilé nìkan ló ti ń dààmú yín, tí iléèwé ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ibòmíràn la ó wò: oorun rẹ̀, etí rẹ̀, bóyá ìwé kíkà ló ń nira fún un, bóyá ohun kan ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe yìí ni tiwa ti máa ń yàtọ̀. Ọmọ ọdún 4 ni ọmọ yín nígbà tó dé síbí, gbogbo ohun tó ṣe ṣáájú wà nílé. Bó bá jẹ́ ìyá àgbà ló ń bá yín gbé e nígbà tí ẹ ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ pè é lórí WhatsApp, kó sọ bó ṣe rí lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò káàdì iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ ránṣẹ́. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé gbólóhùn kan tí tíṣà rẹ̀ kọ ní Nàìjíríà ló là wá lójú ju gbogbo fọ́ọ̀mù wa lọ. Bí ìyá àgbà bá sì sọ pé "bàbá rẹ̀ gan-an bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹgba kò ràn án," kí inú má bí ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà, torí ADHD máa ń rìn nínú ìdílé. Kì í ṣe àìgbẹ̀kọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ lójú ìyá ọmọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ká ní ADHD ni, tí ẹ sì fẹ́ gbìyànjú oògùn. A kì í fún ọmọ ní odindi ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ là ń gbé e sókè, fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, a ó máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n bá yí. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún 10 lọ, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n torí oògùn náà lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà la ń wo gíga rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn aládàáni, owó ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú: kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan jẹ́ £200, lẹ́ẹ̀mẹta, kí oògùn pẹ̀lú ìwé rẹ̀ jẹ́ £90 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta. £870 nìyẹn, lórí £1,100. Àjọ yín ti tán, ó ti ku £770 tí ẹ ó wá kiri.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìrètí gbogbo òbí ni pé GP yóò gba oògùn náà ṣe. Àdéhùn tí wọ́n ń pè ní shared care ni: onímọ̀ yóò máa ṣe àbójútó, GP yóò máa kọ oògùn lábẹ́ NHS, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn NHS fún ọmọ yín. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó fi dandan lé GP láti gbà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ̀ bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni ni ìwé náà ti wá. Bí tiyín bá kọ̀, £90 lóṣù di £1,080 lọ́dún, ẹ fi ìpàdé méjì kún un, ó di £1,480, lọ́dọọdún. Èyí ló ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Mo ti jókòó níwájú ìyá tó fi owó ilé san àyẹ̀wò, tí oògùn sì ń ṣe ọmọ rẹ̀ lóore gidi, tó wá dá a dúró ní oṣù karùn-ún torí owó.

Ìgbà kan wà tí mo máa ń ní kí òbí san án. Bí iléèwé bá ti ń lé ọmọ sílé léraléra, tí ìlà Right to Choose náà gùn, tí GP sì ti fi ìwé sọ pé òun yóò gba shared care láti ilé ìwòsàn náà gan-an, ẹ san án láìbojúwẹ̀yìn. Kí ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ilé ìwòsàn náà lórí ìwé CQC, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìwòsàn ní England, kí ẹ sì wá orúkọ ẹni tó máa yẹ ọmọ wò nínú ìwé GMC bó bá jẹ́ dókítà, tàbí HCPC bó bá jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá. Bí wọ́n bá ṣèlérí fún yín lórí fóònù pé ADHD ni yóò jẹ́, ẹ sá. Àyẹ̀wò lẹ ń sanwó fún, wọ́n sì lè sọ fún yín ní ìparí rẹ̀ pé kì í ṣe ADHD.

Iléèwé kò gbọdọ̀ dúró de ìwé kankan. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí SENCO, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànwọ́. Kí wọ́n gbé e jókòó síwájú, kí wọ́n pín iṣẹ́ sí kéékèèké, kí wọ́n máa rán an níṣẹ́ kó lè dìde na ẹsẹ̀, kí wọ́n lẹ ohun tó gbọ́dọ̀ mú wálé mọ́ tábìlì rẹ̀. NICE fúnra rẹ̀ ní irú àtúnṣe báyìí ló yẹ kó ṣáájú oògùn. Bí ìyẹn kò bá tó, òfin 2014 fún yín láyè láti kọ̀wé sí káńsù fún àyẹ̀wò EHCP, ìwé ètò tó ń sọ ìrànwọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà, wọn kò sì lè ní kí ẹ kọ́kọ́ mú ìwé ADHD wá.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí GP. Ẹ dárúkọ Right to Choose, ẹ dárúkọ ilé ìtọ́jú tí ẹ mú, ẹ so ìwé olùkọ́ mọ́ ọn, ẹ sì béèrè níbẹ̀ bóyá wọn yóò gba shared care. Bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ fi èsì wọn ránṣẹ́ sí mi kí àjọ tó kàn.