Ìgbà mélòó ni Mudashiru Obasa ti wọlé ìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó?
Ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹkùn Agége kìíní ló ń ṣojú fún: ó wọlé ní 2007, wọ́n sì tún dìbò yàn án ní 2011, 2015, 2019 àti 2023. Kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ ní Agége lọ́dún 1999, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú AD (Alliance for Democracy).

Ipò Sípíkà, ìyẹn olórí ilé ìgbìmọ̀ náà, yàtọ̀ o. Ará àdúgbò kọ́ ló ń dìbò ìyẹn, àwọn aṣòfin 40 tó wà nílé ló ń yan ọ̀kan nínú ara wọn. Oṣù Kẹfà 2015 ni wọ́n fi Obasa jẹ ẹ́.

Wàhálà dé ní 2025. Ó wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ ní ọjọ́ 13 Oṣù Kìíní, tí wọ́n fi igbákejì rẹ̀, Mojisola Meranda láti Àpápá, rọ́pò rẹ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ nìyẹn lórí àga náà. Kò pé oṣù méjì: ní ọjọ́ 3 Oṣù Kẹta, Meranda fipò sílẹ̀, ó padà sí ipò igbákejì, wọ́n sì dá Obasa padà. Ìjókòó rẹ̀ fún Agége ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.