Bí omi àti epo kì í bá rẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pa ike méjì pọ̀?

Ẹnì kan béèrè pé: àwọn àgbà máa ń fi omi àti epo wé àwọn tí ìwà wọn ò bára mu, ṣùgbọ́n ṣé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń pa oríṣi ike méjì pọ̀ ò ti sọ ọ̀rọ̀ náà di irọ́?

Rárá o. Ike funfun tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni. Àwọn àgbà ò sọ pé omi àti epo ò lè gbé inú ìkòkò kan. Ọbẹ̀ wo ni wọn ò jọ wà nínú ẹ̀? Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bó ti wù ká rò wọ́n tó, kálukú á ṣì máa jẹ́ ara rẹ̀.

Nǹkan méjì ni wọ́n pa pọ̀ di ike fíríìjì yẹn: ike kan tó ń jẹ́ polystyrene, àti rọ́bà. Polystyrene le, àmọ́ ó tètè ń fọ́. Rọ́bà tó ń jẹ́ polybutadiene kì í fọ́. Ẹ yọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n á yà. Ni wọ́n bá dá ọgbọ́n: wọ́n fi rọ́bà díẹ̀, bíi 5 sí 10 nínú 100, sínú styrene, omi tí wọ́n fi ń ṣe polystyrene. Rọ́bà á yọ́ sínú rẹ̀ tán. Wọ́n á wá fi ooru sí i kí styrene máa so kọ́ra níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí polystyrene tuntun á fi ya sọ́tọ̀, tí á di ẹ̀kán kéékèèké láàárín rọ́bà. Bó ṣe ń pọ̀ sí i, tí wọ́n sì ń rò ó, nǹkan á yí padà pátápátá: polystyrene á gba gbogbo àyíká, rọ́bà á wá di ẹ̀kán. Ibi tó wú mi lórí jù nìyẹn. Bí wọn ò bá rò ó, ìyípadà yẹn ò ní wáyé bó ṣe yẹ.

Ní àwọn ọdún 1960, Kato, onímọ̀ kan ará Japan, fi osmium tetroxide pa rọ́bà láró. Oògùn yìí máa ń mú rọ́bà, kì í mú polystyrene, nítorí náà rọ́bà á dúdú lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ohun tí wọ́n rí ni ẹ̀kán rọ́bà tí polystyrene kún inú rẹ̀, bí kóró ṣe ń kún inú gúáfà.

Lẹ́nu ààlà wọn, díẹ̀ nínú styrene ti so mọ́ rọ́bà fúnra rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kan síbí, ó fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún, kò sì jẹ́ kí ààlà náà ya. Bí nǹkan bá gbá ike náà, ìlà tíńtìntín á bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀kán rọ́bà káàkiri, dípò kí ojú kan là gbàrà. Ká ní wọ́n ti rẹ́ di ọ̀kan ni, kò ní sí ẹ̀kán rọ́bà tó máa gba ìgbá náà.