Ta ni àláàmù ilé yín ní Kubwa máa pè?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àjò o. Ẹ ní ẹ ti ra kámẹ́rà mẹ́rin, àláàmù àti súìṣì tí wọ́n ń fi fóònù tàn ní Houston, pé ẹ máa kó wọn bọ̀ ní Disẹ́ńbà, kí ẹ lè máa ṣọ́ ilé yín ní Kubwa láti ọ̀hún. Lugbe, ní Abuja kan náà, lèmi ń gbé, mo sì ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀.

Súìṣì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Iná Amẹ́ríkà 120 volt ni, tiwa 230. Bí ẹ bá so ó mọ́ ògiri níbí, èéfín lẹ máa kọ́kọ́ rí. Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ wo ara ṣájà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 100-240 síbẹ̀, kò sí wàhálà, orí pọ́lọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ìgbà tí NEPA bá dá iná padà ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ráútà mi àkọ́kọ́ ṣe jóná nìyẹn: iná dé lójijì, ó ga jù. Nísinsìnyí mo ti fi ẹ̀rọ tó ń gé iná tó bá pọ̀jù sáàárín, ráútà àti kámẹ́rà sì ní bátìrì kékeré tiwọn. Ìnfátà tó ń gbé fíríìjì àti fáànù, ẹ má gbọ́kàn lé e. Àwọn ará ilé á ti lò ó tán kí olè tó dé.

Àláàmù gan-an ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Èyí tó ń gba inú Wi-Fi nìkan, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ, ó di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ wá èyí tó ní ààyè síìmù, tó lè fúnra rẹ̀ pe nọ́ńbà mélòó kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi nọ́ńbà tiyín ṣáájú o! Ọ̀sán ni olè máa ń wọlé ládùúgbò tiwa, nígbà tí gbogbo ayé ti lọ síbi iṣẹ́ ní Central Area. Aago 12 ọ̀sán Kubwa lóṣù Disẹ́ńbà, aago 5 ìdájí ni lọ́dọ̀ yín. Kí lẹ fẹ́ fi oorun ojú ṣe? Máígáàdì ni kó kọ́kọ́ pè, kó kan aládùúgbò, kó kan àbúrò yín, kó tó kàn yín. Ọ̀pọ̀ irú àláàmù yìí ló ń jẹ́ kéèyàn gba ohùn sínú rẹ̀. Hausa ni mo sọ sínú tèmi, "Akwai ɓarawo a gida!", torí Yorùbá máígáàdì wa kò ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Síìmù náà gbọ́dọ̀ ní NIN ẹnì kan nídìí. Síìmù tí kò bá ṣiṣẹ́ fún 180 ọjọ́, wọ́n lè tì í pa. Ti àláàmù sì rèé, àdúrà wa ni pé kó má pe ẹnikẹ́ni. Kí àbúrò yín máa fi káàdì sí i, kó máa dán an wò lóṣooṣù.

Sẹ́ńsọ̀ inú yàrá, ooru ara èèyàn ló ń wò. Lóṣù Mááṣì àti Épírì, ilé tí wọ́n tì pa ní Abuja lè gbóná tó ara èèyàn, ojú sẹ́ńsọ̀ á wá ṣú. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mọ̀ bí wọ́n bá ṣí wọn, sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé kún un. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ lọ̀tá kámẹ́rà: eruku á bo ojú rẹ̀, tó bá dalẹ́, iná tó fi ń ríran á máa ta lára eruku yẹn, àwòrán á funfun báláú. Aṣọ tútù ni oògùn rẹ̀. Bí áàpù bá ní òun ò rí kámẹ́rà, ẹ yí Wi-Fi ráútà sí 2.4 GHz, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ 5 GHz.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹni tó bá mi so tèmi, ímeèlì ara rẹ̀ ló fi ṣí áàpù. Ọkùnrin náà ń wo àgbàlá mi láti ilé rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí n tó mọ̀! Ímeèlì tiyín ni kí ẹ lò, kí ẹ wá fi àbúrò yín kún un bí ẹni tí ẹ lè yọ nígbàkígbà.

Tí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ pa iná ilé látòkèdélẹ̀, ẹ pa ráútà náà, ẹ bọ́ síta, kí ẹ ní kẹ́nìkan ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí fóònù máígáàdì kò bá dún, ẹ má tíì wọ bàálù padà.