Orúkọ wo ni kí n fún relay àti sẹ́ńsọ̀ nínú kóòdù ọkọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo fi Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré) ṣe ohun tó ń tan fáànù rẹdíétọ̀ ọkọ̀ mi. relay1, relay2 (relay ni swíìṣì tí bọ́ọ̀dù ń tan) àti temp (fún sẹ́ńsọ̀ ooru omi) ni mo pe nǹkan inú kóòdù rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni n kò fi ṣí i, mi ò sì mọ èwo ni èwo mọ́. Báwo ni kí n ṣe sọ wọ́n lórúkọ?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe nínú ọkọ̀ ni kí ẹ fi pè é, kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù. K1, orúkọ relay lára bọ́ọ̀dù, lè di K3 bí ẹ bá tún bọ́ọ̀dù yà, ṣùgbọ́n fáànù kò ní yéé jẹ́ fáànù. Ẹ kọ PIN_FAN_RELAY, ìyẹn pin (ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù) tí relay fáànù so mọ́.

Ọ̀pọ̀ relay onímódù tí wọ́n ń tà lọ́jà, LOW (kí pin má ní iná) ló ń tan án, kì í ṣe HIGH (kí pin ní iná). Ẹni tó bá rí digitalWrite(relay1, HIGH) á rò pé ẹ ń tan fáànù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, pípa lẹ ń pa á. Ẹ kọ FAN_RELAY_ON = LOW àti FAN_RELAY_OFF = HIGH sókè fáìlì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má tún kọ LOW tàbí HIGH fún relay náà níbòmíràn. Nínú setup (apá kóòdù tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́), ẹ kọ FAN_RELAY_OFF sí pin náà kí ẹ tó pe pinMode (àṣẹ tó ń jẹ́ kí pin máa gbé iná jáde). Bí pinMode bá ṣáájú, pin á kọ́kọ́ bọ́ sí LOW, relay á sì gbá ní gbogbo ìgbà tí iná bá wọlé.

temp ló léwu jù. Kí ni nọ́ńbà inú rẹ̀? 0 sí 1023 ni analogRead (àṣẹ tó ń ka sẹ́ńsọ̀) ń mú wá, kì í ṣe ìwọ̀n ooru. Ká ní sẹ́ńsọ̀ omi yín jẹ́ 2,500 ohm ní 20°C, tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 190 ohm ní 100°C, tí rẹsísítọ̀ 2,200 ohm sì so ó mọ́ 5V. Bí omi bá tutù, ẹ ó ka nǹkan bí 544. Bó bá dé 100°C, nǹkan bí 81. Ẹni tó bá wá kọ if (temp > 95), fáànù rẹ̀ á máa yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, á sì kú gan-an nígbà tí omi gbóná jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n hàn lára orúkọ: coolant_raw (nọ́ńbà tí analogRead mú wá fún omi rẹdíétọ̀), lẹ́yìn náà coolant_mV (mílífóòtì), lẹ́yìn náà coolant_C (ìwọ̀n ooru ní °C). Ẹni tó bá kọ coolant_raw > 95, ojú rẹ̀ á rí àṣìṣe náà kíá.

Fún iná iwájú, LEFT àti RIGHT ni kí ẹ lò, bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tó kọjú síwájú ṣe ń wò ó. Ẹ má kọ DRIVER_SIDE: òsì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí ní Nàìjíríà, ọ̀tún ni ní Ìlú Ọba.