Èsì: Ọmọ ń jẹun, kò wúwo sí i

Ìyá Àyọ̀, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ oṣù 15, ń jẹun ṣùgbọ́n kò wúwo sí i, ẹ sì fẹ́ ra probiotic (bakitéríà rere tí wọ́n ń tà) fún un. Ẹ má tíì rà á. Oúnjẹ tí bakitéríà rere inú ìfun rẹ̀ máa jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ní Dhaka, ní Bangladesh, wọ́n po ẹ̀pà, sóyà, chickpea (ó jọ ẹ̀wà) àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n pọ̀ fún àwọn ọmọ oṣù 12 sí 18 tí àìjẹunrekánú ń bá jà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021: kálórì (agbára inú oúnjẹ) rẹ̀ kéré sí ti oúnjẹ ìtọ́jú àìjẹunrekánú tí wọ́n fi wé e, síbẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́ ló wúwo sí i jù. Àkójọ bakitéríà inú ìfun ọmọ tí kò jẹunrekánú máa ń jọ ti ọmọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Oúnjẹ yẹn ló ń gbé e dìde.

Nílé, ẹ lọ ẹ̀pà àti sóyà yíyan kúnná sínú ògì rẹ̀. Ẹ̀pà odidi kọ́ o, ó lè há a lọ́fun.

Ọmọ tó ti pé ọdún kan, tí ẹ̀pà kì í bá ara rẹ̀ jà, ni mò ń sọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tí ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ tí ibẹ̀ sì jin kòtò, ilé ìwòsàn ni lónìí.