Ṣé kí n ṣì náwó lórí wáyà ilé tuntun, àbí kí n dúró de iná tí ò lo wáyà?

Ìbéèrè: Ẹ̀njìníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí mò ń kọ́ l'Ókè-Báálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, ti fẹ́ débi rírẹ́, wáyàmáàn sì ti ní kí n mówó páìpù àti wáyà wá. Àbúrò mi wá ní kí n má náwó yẹn, pé òun rí fídíò kan tí gílóòbù ń tàn láìsí wáyà, pé láìpẹ́ bá a ṣe ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì la ó máa gba iná. Ṣé kí n dúró ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ilé o, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ kó síbẹ̀ láyọ̀. Ẹ má dúró rárá. Ẹ jẹ́ kí wáyàmáàn ṣiṣẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ilé, torí tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, ògiri lẹ ó tún máa gbẹ́.

Àbúrò yín ò parọ́ o. Lọ́dún 2007 àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, l'Amẹ́ríkà, tan gílóòbù 60 wátì láti bíi mítà méjì láìsí wáyà láàárín, ṣùgbọ́n kọ́ìlì bàbà (wáyà bàbà tí wọ́n wé roboto) tí wọ́n lò fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, nínú iná 100 tí wọ́n sì fi ránṣẹ́, bí 40 ló débẹ̀, ìyókù ṣòfò sọ́nà, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ilé yín ni, gbogbo ẹ̀ ni mítà iná máa kà. Alẹ́ tẹ́ ẹ bá wá ń lo ínfátà ńkọ́? Bátìrì ò ní pẹ́ kú.

Ẹ wo tiransifọ́mà àdúgbò yín. Wáyà tó ń gba iná ńlá nínú ẹ̀ ò kan èyí tó ń gbé iná wálé fún yín, agbára bí òòfà ló ń gbé iná láti ara ọ̀kan sí ìkejì, ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Faraday, rí lọ́dún 1831 nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa torí pé irin kan náà ni wọ́n jọ wé mọ́. Ẹ mú irin yẹn kúrò, kẹ́ ẹ gbé wọn jìnnà síra, agbára yẹn á já wálẹ̀ kíá. Ìdí nìyẹn tí fóònù tó ń gba ṣájì láìsí wáyà fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ orí ṣájà pẹ́kípẹ́kí.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n fi wé e yẹn, ọ̀rọ̀ àti àwòrán ló ń gbé, kì í ṣe iná tí ẹ̀rọ ilé ń lò. Agbára tí ẹ̀rọ Wi-Fi inú ilé ń fọ́n sáfẹ́fẹ́ sábà máa ń wà ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wátì kan, nígbà tí fáànù òkè ń jẹ bí 70, tí áyọ́ọ̀nù ń jẹ 1000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n wá máa fọ́n 1000 wátì káàkiri pálọ̀ tí àwọn ọmọ-ọmọ yín ti ń sáré? Èmi ò ní bá wọn fọwọ́ sí i láéláé.

Ibi tí mo rò pé ó máa dé nílé wa ni kíṣìnì. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ki, tó lè gbé tó 2200 wátì, ẹ gbé bílẹ́ńdà tàbí kẹ́tù tí wọ́n ṣe fún un ka orí kańtà, ó ti gba iná nìyẹn, ọwọ́ tútù ò sì ní máa fa púlọ́ọ̀gì mọ́, èyí dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ nǹkan tó wà lábẹ́ kańtà yẹn, wáyà náà ló ń fún un níná! Kódà, l'Óṣogbo tiwa níbí ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, orí wáyà náà ló sì ń gbà.

Torí náà, ẹ sọ fún wáyàmáàn kó fi páìpù òfìfo kan sílẹ̀ lọ síbi kańtà kíṣìnì, òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ṣájà fóònù tí ò lo wáyà, kó fi okùn tí wọ́n á fi fa wáyà sínú wọn, kí ti kíṣìnì sì ní bíréékà tiẹ̀. Kí bíríkìlà tó bò ó, ẹ fi fóònù ya gbogbo ògiri yẹn, kẹ́ ẹ tọ́jú fọ́tò náà, kẹ́ni tó bá wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́la lè mọ ibi tí páìpù gbà.