Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹ̀kọ́ Ẹṣin Gígùn: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Gun Ẹṣin Lọ́jọ́ Ojúde Ọba

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, láti ọ̀kan nínú àwọn ìdílé jagunjagun tó máa ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Àwọn àgbà ilé wa ní kí èmi náà wà lára àwọn tí yóò gun ẹṣin ní ọdún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò gun ẹṣin rí láyé mi. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo wọn kílò 92, oṣù mẹ́ta péré ni mo sì lè fi kọ́ ọ. Ọmọbìnrin mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 9, ní òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Kí ló yẹ kí n mọ̀ kí n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o. Inú mi dùn pé ìbéèrè yín tètè dé, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kan ọ̀rọ̀ yìí títí tí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ kan sí Iléyá, nígbà tí aṣọ ti kúrò lọ́dọ̀ télọ̀, tí wọ́n ti já ẹṣin sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹni tí yóò gùn ún kò sì tíì fi ọwọ́ kan irun ẹṣin rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè kọ́ ohunkóhun mọ́. Ńṣe ni wọn yóò gbé e jókòó, tí ọkùnrin méjì yóò di ẹṣin náà mú títí dé iwájú Ọba. Oṣù mẹ́ta tí ẹ ní kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó tó fún yín láti jókòó bó ṣe yẹ lórí ẹṣin tó ń rìn, láti darí rẹ̀, láti dá a dúró, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ láìfarapa. Kò tó láti fi ẹṣin sáré láàárín èrò. Olùkọ́ tó bá ṣèlérí eré sísá fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe fún un lówó.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni irú ẹ̀dá tí ẹṣin jẹ́. Pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, ẹran tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Sísá ni ààbò rẹ̀. Ìgbà tí kò bá rí ọ̀nà sá ló ń ta ènìyàn nípàá tàbí tó ń gé e jẹ. Ojú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí lọ́tùn-ún àti lósì, nítorí náà ó ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, àyàfi ibi méjì: ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀ gan-an, àti ọ̀gangan ẹ̀yìn ìrù rẹ̀. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn yọ sí i láìfọhùn, ẹṣin náà kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ẹkùn. Ẹ máa gba apá èjìká òsì rẹ̀ súnmọ́ ọn, ẹ máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹ ti ń bọ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ lé e léjìká kí ẹ tó kan orí rẹ̀. Ẹ tún máa wo etí rẹ̀, nítorí pé etí ni ẹṣin fi ń sọ̀rọ̀ jù. Bí ó bá nà án síwájú, nǹkan kan ló ń wò tàbí tó ń gbọ́; bí ó bá ká méjèèjì lẹ̀ mọ́ ọrùn, inú ń bí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Nítorí èyí, ohun tí mo fi ń mọ olùkọ́ gidi ni ohun tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kí ó tó gun ẹṣin. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ mú yín fa ẹṣin kiri ní ilẹ̀, ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara rẹ̀, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá òkúta há sí pátákò, ẹ ó sì kọ́ bí a ṣe ń di gàárì. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n á ní àwọn kò sanwó láti wá ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹṣin. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ẹṣin ti ń kúrò lára ènìyàn, ibẹ̀ náà sì ni ẹṣin ti ń mọ òórùn àti ohùn yín. Bí ẹ bá ń fa ẹṣin, ẹ má ṣe lọ́ okùn mọ́ ọwọ́ láé. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo lọ́ ọ mọ́ ọrùn ọwọ́, alùpùpù kan bú ramúramù lẹ́yìn wa, ẹṣin náà fò, ó sì wọ́ mi dé ìdí ọgbà. Ìka méjì ló yẹ̀ lọ́wọ́ mi, ọ̀kan nínú wọn kò sì tíì tẹ̀ dáadáa títí di òní.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ní agbègbè wa, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Sábó ní Ṣágámù, jẹ́ ọmọ Hausa, ohùn wọn ni ẹṣin náà sì mọ̀. Ẹ kí wọn ní “sannu”, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹṣin wọn àti èyí tí wọ́n fi ń dá a dúró. Mo ti rí ọ̀gá ńlá tó ń pariwo Yorùbá sí ẹṣin tí kò gbọ́ ju Hausa lọ.

Ẹ tún bèèrè ìgbà tí ẹṣin náà dé. Ilẹ̀ igbó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, eṣinṣin tsetse tó ń gbé àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ ní ilẹ̀ igbó láti ayébáyé. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá títí di ìsinsìnyí. Ẹṣin tó wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù ní àná kò yẹ ní gígùn lónìí. Ẹ wo ìhà rẹ̀ bóyá egungun hàn, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ gàárì bóyá egbò wà níbẹ̀, ẹ wo igun ẹnu rẹ̀ bóyá ìjánu ti gé e. Bí ẹ bá rí egbò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹran tí ìrora bá mú kò lè fara balẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́, àti pé kò tọ́ kí a fi ìyà kún ìyà rẹ̀ nítorí ayẹyẹ tiwa.

Mo fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara yín bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí pé òtítọ́ ni. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ẹṣin ń tẹ̀ lé ni pé kí ohun tí ẹṣin bá gbé, ènìyàn àti gàárì pọ̀, má ṣe ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹṣin tó bá wọn kílò 350 kò yẹ kí ó gbé ju kílò 70 lọ. Ẹ̀yin wọn kílò 92. Bí gàárì bá wọn kílò 10, ẹṣin tí yóò gbé yín láìnira gbọ́dọ̀ súnmọ́ kílò 510, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹṣin tó ń ti òkè Ọya wá kò wúwo tó ìyẹn, a kò sì tíì ka agbádá òfì mọ́ ọn. Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ ní kí wọ́n wá ẹṣin tó ga, tó sì tóbi jù lọ nínú èyí tí wọ́n ní fún yín, kí ẹ dín ara kù bí ẹ bá lè dín in, kí ẹ má ṣe jókòó sórí rẹ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa gorí àpótí gùn ún dípò kí ẹ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan gàárì. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ ní wárápá, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ rí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó ti yẹ kí ẹ tún gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, nítorí pé kòkòrò àrùn náà máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹṣin àti nínú ilẹ̀.

Ní ti ohun wíwọ̀, orí àti ẹsẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Akoto tí a ṣe fún ẹṣin gígùn ni kí ẹ wá, èyí tó ní okùn tí a ń dè sábẹ́ àgbọ̀n. Akoto alùpùpù wúwo jù fún ọrùn lórí ẹṣin, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ràn dáadáa. Akoto tó bá ti fi orí gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kódà bí kò bá sán. Bàtà tó bo kókósẹ̀, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀, ni kí ẹ wọ̀, nítorí pé gìgísẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ kọjá nínú àlùkẹ́ńbù, ìyẹn irin tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gàárì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá há síbẹ̀ nígbà tó bá ṣubú, ẹṣin lè wọ́ ọ lọ. Sálúbàtà kò ní ibi tó dé nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ tí ẹ bá gùn ún, kí ẹ rí i pé wọ́n fa ọ̀já tó di gàárì mọ́ ikùn le, kí wọ́n sì tún un fà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé àwọn ẹṣin mìíràn máa ń fẹ́ ikùn nígbà tí a bá ń dì í. Ọwọ́ òsì ẹṣin ni a ti ń gùn ún. Àṣà àwọn ológun ni, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni idà wọn máa ń wà. Ẹ jókòó kí etí, èjìká, ìdí àti gìgísẹ̀ yín wà ní ìlà kan, kí gìgísẹ̀ rẹlẹ̀, kí ojú yín sì máa wo ibi tí ẹ ń lọ. Ilẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń wò.

Ọ̀rọ̀ ìjánu ni mo ń tẹnu mọ́ jù lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Orí èrìgì tí kò ní eyín, láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn, ni irin ìjánu ń jókòó lé lẹ́nu ẹṣin. Bí ẹ bá di okùn rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ gun igi ọ̀pẹ, ẹran ara ni ẹ ń fà. Ìdí àti itan ni ènìyàn fi ń dúró lórí ẹṣin. Ìjánu wà fún ọ̀rọ̀ kékeré láàárín yín. Nítorí náà ni olùkọ́ rere fi máa ń kọ́kọ́ gba ìjánu lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò dúró láàárín, tí yóò fi okùn gígùn mú ẹṣin náà máa yí òun olùkọ́ ká, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi mọ ìrìn ẹṣin. Bí ẹṣin bá ń rìn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ara yóò sì máa fì jẹ́jẹ́. Bí ó bá yára díẹ̀, ẹsẹ̀ yóò máa balẹ̀ ní méjì-méjì, ìkọlura sì ni ìdí yín yóò máa gbà títí ẹ ó fi kọ́ bí a ṣe ń dìde tí a sì ń jókòó tẹ̀lé e. Bí ẹṣin bá fẹ́ sá lọ, ẹ má ṣe fi okùn méjèèjì fà á láìdáwọ́ dúró, nítorí pé yóò túbọ̀ ta kò yín. Ẹ rọra fa ọ̀kan kí ó máa yí òbírí, kí òbírí náà sì máa kéré sí i títí yóò fi dúró.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, nítorí náà ẹ bi olùkọ́ náà ohun tí ó máa ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣubú. Bí orí bá gbálẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tún gun ẹṣin lọ́jọ́ náà. Ẹ tún wo ibi tí ó ti ń kọ́ni: pápá tí a fi ọgbà yí ká, tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ló dára. Etí títì kò dára, nítorí pé pátákò ẹṣin máa ń yọ̀ lórí ọ̀dà, ọkọ̀ sì lè fọn fèrè nígbàkígbà. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ yàn, kì í ṣe ọ̀sán gangan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Ojúde Ọba fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìlù, ìbọn, agboòrùn àti àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, nínú aṣọ tó ń kọ mànà ni yóò yí ẹṣin yín ká. Ẹṣin tó tutù bí àdàbà ní pápá lè di ẹlòmíràn níbẹ̀. Láti oṣù kejì ẹ̀kọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n máa lu ìlù níbi tó jìnnà sí i, kí wọ́n sì máa súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti ń fara balẹ̀. Ẹ gbé agbádá dé pápá, ẹ jẹ́ kí ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ gùn ún, nítorí pé aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn ẹṣin wà lára ohun tó ń lé e sá jù. Apá agbádá náà, ẹ ká a sí èjìká kí ó má bàa lọ́ mọ́ okùn ìjánu. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹṣin tí ẹ fi kọ́ ẹ̀kọ́ ni kí ẹ gùn lọ́jọ́ náà. Kódà bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n gùn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí ẹṣin náà mọ̀ dáadáa máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀; kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀.

Ní ti ọmọbìnrin yín, ọdún 9 kò kéré. Ẹṣin kúkúrú tó ti dàgbà, tó sì gbọ́ràn, ni kí ẹ wá fún un, kí àgbàlagbà máa fà á fún un, kí akoto sì bá orí rẹ̀ mu gan-an. Ẹ má ṣe gbé e síwájú yín lórí ẹṣin kan náà, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn dè é mọ́ gàárì, nítorí pé bí ẹṣin bá ṣubú, kò ní lè bọ́ lórí rẹ̀. Ẹ mú un dání ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbo ara ẹṣin kan náà, kí ẹ sì wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ káyà sókè nínú yín nígbà tí ó bá yán.